Ohun Tó Yẹ Kí Ọ̀gá Ti Pinnu Kí Búrẹ́dì Tó Jáde Láàárọ̀

Láàárín aago mẹ́rin sí mẹ́fà ìdájí ni ọ̀pọ̀ ilé búrẹ́dì ti ń pàdánù owó. Ìgbà yẹn ni búrẹ́dì gbígbóná ń jáde, àwọn alágbàtà ti tò sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú agbọ̀n àti kẹ̀kẹ́, kálukú sì ní ẹ̀bẹ̀ tirẹ̀. "Ẹ bá mi fi mẹ́wàá lé e, mà á san án lálẹ́." "Ẹ gba èyí tó kù lánàá yìí, òjò ni ò jẹ́ kí n tà." "Wọ́n ti yọ àádọ́ta náírà níbòmíràn o." Ẹni tó dúró ti owó, tó sábà máa ń jẹ́ ọmọbìnrin tí kò tíì pé ọmọ ọdún 25, ló gbọ́dọ̀ dáhùn lójú ẹsẹ̀. Ìpinnu owó ni gbogbo ìdáhùn yẹn, bẹ́ẹ̀ sì ni ẹni tó ń ṣe é kọ́ ló ni owó.

Ọ̀pọ̀ ọ̀gá rò pé àtúnṣe rẹ̀ ni kí àwọn fúnra àwọn máa jí wá síbẹ̀. Wọ́n á ṣe é fún oṣù mélòó kan, á rẹ̀ wọ́n, nǹkan á sì padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀. Lójú tèmi, ọ̀gá kò ní ohun kan tó ń wá níbẹ̀ ní aago mẹ́rin. Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ló yẹ kó ti dáhùn àwọn ẹ̀bẹ̀ yẹn, nígbà tí ara balẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò dúró sí i lórí, kó kọ ọ́ sínú ìwé, kí gbogbo ẹni tó ń bá a ṣiṣẹ́ sì mọ̀ ọ́n. Búrẹ́dì Agége ni mo fẹ́ fi ṣàlàyé rẹ̀, torí pé èrè orí ẹyọ kan kéré, ọjà náà kì í pẹ́ bàjẹ́, owó sì ń wọlé ó ń jáde lójoojúmọ́. Bí ìpinnu kan bá burú, kó tó pé ọ̀sẹ̀ kan ó ti hàn nínú àpótí owó.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣírò àpò fúláwà kan. Kílò 50 ni. A ó fi omi bíi lítà 26 sí i, ṣúgà kílò 6, bọ́tà kílò 2, iyọ̀ gíráàmù 500, yíìsì bíi gíráàmù 400. Bí a bá pò ó tán, gbogbo rẹ̀ á tó kílò 85. Bí a bá ń gé e ní gíráàmù 850, búrẹ́dì 100 ni lórí ìwé. Nínú páànù ẹ̀wẹ̀, díẹ̀ á lẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ, ọ̀kan á jóná níbi tí iná ààrò ti le jù, àwọn òṣìṣẹ́ náà á jẹun. Ká sọ pé 97 ló kù fún títà. Mẹ́ta tó lọ yẹn kò dùn mí rárá. Ilé búrẹ́dì tí kò mọ̀ bóyá mẹ́ta ló lọ tàbí mẹ́sàn-án ló ń dùn mí.

Owó tí mo fẹ́ lò yìí, àpẹẹrẹ ni. Kí kálukú fi ti àdúgbò rẹ̀ rọ́pò. Fúláwà ₦60,000. Èròjà yòókù ₦20,000. Igi ààrò àti epo jẹnẹrétọ̀ ₦10,000. Owó òṣìṣẹ́ tó kan àpò kan ₦10,000. Ọ̀rá àti owó ọkọ̀ ₦6,000. Owó ilé àti àtúnṣe ẹ̀rọ ₦4,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦110,000, ìyẹn bíi ₦1,134 lórí búrẹ́dì kan. Bí a bá ń kó o fún alágbàtà ní ₦1,250, ₦121,250 ló ń wọlé, èrè sì jẹ́ ₦11,250 lórí àpò, bíi ₦116 lórí ẹyọ kan. Ẹ fi ₦116 yẹn sọ́kàn, torí òun ni a ó fi wọn gbogbo ohun tó kù.

Wàyí o, fúláwà gbówó lórí, ó di ₦72,000. Àpò 20 ṣì wà ní sítọ̀ tí a ra ní iye àtijọ́. Ohun tí ẹnu máa ń sọ ni pé, "Ẹ jẹ́ ká ta èyí tó wà nílẹ̀ tán ná, ká má lé oníbàárà sá." Ó jọ ọ̀rọ̀ àgbà, àmọ́ ẹ wo ohun tó ṣe. Bí a bá ta àpò 20 yẹn tán, owó fúláwà tó padà sọ́wọ́ jẹ́ ₦1,200,000. Àpò 16 ló máa rà. Kó tó lè ra 20, ó ku ₦240,000. Gbogbo èrè tí a jẹ lórí àpò 20 náà sì jẹ́ ₦225,000. Ìyẹn ni pé bí ọ̀gá kò bá tiẹ̀ fọwọ́ kan kọ́bọ̀ nínú èrè, kò lè ra iye àpò tó ní tẹ́lẹ̀ padà. Ó rò pé òun ń jẹ èrè, ojú owó ló ń jẹ. Tí àpò tuntun bá sì wọlé tí owó búrẹ́dì kò yí padà, ₦122,000 là ń ná láti pa ₦121,250.

Nítorí náà, iye tí a ó fi ra òmíràn ni iye àpò tó wà ní sítọ̀, iye tí a fi rà á ti di ìtàn. Àlìkámà tí wọ́n fi ń ṣe fúláwà ní Nàìjíríà, òkè òkun ni èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ti ń wá, dọ́là ni wọ́n sì fi ń rà á. Ẹni tó ń ṣe búrẹ́dì ní oṣù kẹfà ọdún 2023, nígbà tí ìjọba fi iye náírà sílẹ̀ fún ọjà láti pinnu, mọ̀ pé iye àpò lè yí padà kí èyí tó wà nílẹ̀ tó tán.

Ìpinnu tó yẹ kó ti wà lákọsílẹ̀ kí ọjọ́ yẹn tó dé kò ju ìlà kan lọ: bí iye tí a ń ná lórí búrẹ́dì kan bá fi ₦40 ju ti ọjọ́ tí a fi owó lélẹ̀ kẹ́yìn lọ, owó á yí padà ní Ọjọ́rú tó tẹ̀ lé e. ₦40 lórí ẹyọ kan jẹ́ bíi ₦4,000 lórí àpò, nítorí náà máníjà kò nílò ìṣirò gígùn. Ìwé rísíìtì fúláwà á sọ fún un. Ọjọ́ Àìkú ni ká sọ fún àwọn alágbàtà. Ọjọ́ mẹ́ta tó fún wọn láti múra, wọn kò sì lè kó búrẹ́dì pamọ́ de ọjọ́ yẹn bí oníṣìmẹ́ńtì ṣe ń kó ṣìmẹ́ńtì pamọ́. Ká sì bá wọn sọ iye tí wọn ó máa tà á lójú pópó. Bí a bá fi ₦50 kún un, tí alágbàtà sì fi ₦150 kún tirẹ̀, ilé búrẹ́dì ni oníbàárà máa bú, a kò sì ní rí kọ́bọ̀ nínú ₦100 tó kù.

Ọ̀nà àbùjá kan wà tí gbogbo ilé búrẹ́dì mọ̀. Wọn kò ní fi kún owó, ìwọ̀n ni wọ́n á dín kù. Tí a bá gé e ní gíráàmù 800 dípò 850, 106 ló máa jáde lórí ìwé. Mẹ́fà tó lé yẹn jẹ́ ₦7,500 lórí àpò kan, ó dùn-ún gbọ́ létí. Ṣùgbọ́n páànù kò yí padà. Gíráàmù 800 kò kún un bó ṣe yẹ, ẹni tó ń pò ó á wá fi yíìsì kún un, tàbí kó jẹ́ kó wú pẹ́ jù kó lè dé etí páànù. Inú búrẹ́dì náà á di ihò-ihò. Tí oníbàárà bá fà á ya láti fi jẹ ẹ̀wà àgànyìn, á máa rún sínú àwo, tó bá sì di ọjọ́ kejì á gbẹ. Kí inú rẹ̀ le díẹ̀ kó sì máa fà, ohun tí wọ́n torí rẹ̀ ń ra búrẹ́dì Agége gan-an nìyẹn. Ẹni tó ń rà á kò ní òṣùwọ̀n nílé, àmọ́ ó ní ọwọ́.

Ibi tí ọ̀nà àbùjá yìí ń parí sí ni potassium bromate, tí wọ́n fi ń mú búrẹ́dì wú. NAFDAC ti fòfin dè é, torí ewu àrùn jẹjẹrẹ. Èyí kò sí lára ohun tí à ń jókòó jíròrò. Nítorí ẹni tí owó díẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, tó fẹ́ búrẹ́dì tó kéré, kí a ra páànù kékeré, ká ṣe é ní gíráàmù 450, ká pè é ní kékeré, ká sì tà á ní owó kékeré.

Ìṣirò kọ́ ló le jù nínú òwò yìí. Ẹnu àgbà ló le. Ìyá kan tó ti tó ẹni tó bí ọmọ tó ń gbowó á dúró síwájú rẹ̀, á ní, "Ọmọ mi, ṣé o ò mọ̀ mí ni? Ṣé èmi ni mo máa sá nítorí búrẹ́dì?" Báwo ni ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa ṣe máa dáhùn ìyẹn? Tó bá ní rárá, ó ya aláìmọ̀wàáhù. Tó bá ní ó dáa, àwìn ti wọlé. Ọ̀gá tó bá fi ọmọ yẹn síbẹ̀ láìsí ohun tó máa dì mú, tó wá ń pariwo lé e lórí ní ìparí oṣù nítorí gbèsè, òun gan-an ló ni gbèsè náà.

Ẹ wo ohun tí àwìn kan ń jẹ. Alágbàtà kan ń gbé 40 lójúmọ́, ₦50,000 nìyẹn. Bó bá gbé ti ọjọ́ kan ṣoṣo lọ tí a kò rí i mọ́, ₦116 lórí ẹyọ kan la ó fi dí i. Búrẹ́dì bíi 431 la gbọ́dọ̀ tà kí ihò yẹn tó dí, èrè orí bíi àpò mẹ́rin ààbọ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ á fi ọjọ́ kan gbáko ṣiṣẹ́ fún ẹni tó sá lọ.

Òfin tó máa dúró nídìí owó kò gbọ́dọ̀ pọ̀. Àkọ́kọ́, san tàná kó o tó gbé tòní. Èkejì, iye tí ẹnì kọ̀ọ̀kan lè gbé láìsan wà níwájú orúkọ rẹ̀ nínú ìwé, kò sì gbọ́dọ̀ ju ọjà ọjọ́ kan lọ. Ọ̀sẹ̀ méjì tó ti fi sanwó déédéé la ó fi mọ iye náà, kì í ṣe bó ṣe máa ń kí wa. Ẹ̀kẹta, búrẹ́dì tó padà, márùn-ún nínú 40 ni a ó gbà, ti àná nìkan, nínú ọ̀rá rẹ̀. Èèní wà nínú ìwé bákan náà, ẹyọ kan lórí 20, kí ẹnikẹ́ni má baà máa fi èèní ra ojú rere. Tí ìyá yẹn bá wá bẹ̀bẹ̀, gbólóhùn tí ọmọ náà máa sọ ti wà ní ẹnu rẹ̀: "Ẹ má bínú mà, ìwé ò gbà á fún mi. Mo máa bá yín sọ fún ọ̀gá lọ́sàn-án." Kò já ìyá náà lulẹ̀, kò sì fi owó ṣòfò. Ìwé ló kọ̀, ọmọ náà kọ́.

Ẹni tó máa ń ba òfin yìí jẹ́ ni ọ̀gá fúnra rẹ̀. Ìyá náà á pe fóònù rẹ̀ ní aago márùn-ún, oorun ṣì wà lójú rẹ̀, á ní, "Ẹ fún wọn jàre." Ó parí. Kó tó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, gbogbo alágbàtà ti ní nọ́ńbà rẹ̀, ọmọ tó dúró ti owó kò sì já mọ́ nǹkankan lójú wọn mọ́. Bí ọ̀gá bá fẹ́ ṣàánú ẹnì kan, kó ṣe é ní ọ̀sán, kó bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀la, kó sì jẹ́ pé ẹnu ọmọ náà ni ìyá náà á ti gbọ́ ọ. Bákan náà ni ti ẹbí. Búrẹ́dì márùn-ún lójúmọ́ fún ẹbí, ó wà nínú ìwé tirẹ̀. Ẹ̀gbọ́n tó bá wá gba ìkẹfà, ọ̀gá ló máa fi owó oṣù rẹ̀ san án. Bẹ́ẹ̀ ni o, kí ọ̀gá ní owó oṣù. Ẹni tó ń kó owó nínú àpótí bí àìní bá ṣe dé kò lè mọ̀ bóyá òwò ló ń bọ́ òun tàbí òun ló ń jẹ òwò.

Ọ̀rọ̀ iyọ̀ kàn wàyí, torí ibẹ̀ ni mo ti rò pé a lè mọ irú ọ̀gá tí ènìyàn jẹ́. Ẹni tó ń pò ó lóru gbàgbé gíráàmù 500 iyọ̀. Láìsí iyọ̀, yíìsì á sáré ju bó ṣe yẹ lọ, ohun tí a pò á máa lẹ̀ mọ́ ọwọ́, á máa ya lórí ẹ̀rọ, búrẹ́dì rẹ̀ á sì tẹ́ lẹ́nu bí ewé. Tó bá rántí nígbà tó ṣì wà nínú ẹ̀rọ ìpò, kò sí wàhálà: kó wọ́n iyọ̀ náà sí i, kí ẹ̀rọ tún yí fún ìṣẹ́jú mẹ́rin sí márùn-ún. Tí wọ́n bá ti gé e sínú páànù, ó ti bọ́. Gbogbo 97 nìyẹn. Àárín ìṣẹ́jú tó lè túnṣe àti ìṣẹ́jú tí kò lè túnṣe mọ́, ohun kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀: ṣé ọkùnrin náà á lanu tàbí á dákẹ́? Ohun tí wọ́n ṣe fún ẹni tó lanu kẹ́yìn ló máa pinnu ìyẹn. Tí wọ́n bá gé owó rẹ̀, tí wọ́n sì bú u lójú gbogbo èèyàn, ẹni tòní á dákẹ́, á máa retí pé kí ẹnikẹ́ni má tọ́ ọ wò.

Òfin tí mo fara mọ́ ni pé a kò gé owó lórí àṣìṣe tí wọ́n bá sọ kí aago mẹ́fà tó lù. Èyí tí wọ́n fi pamọ́ la gé owó lé lórí. Àwọn kan á ní ìyẹn á sọ wọ́n di aláìbìkítà. Kò rí bẹ́ẹ̀ bí ọ̀gá bá tún ìdí àṣìṣe náà ṣe. Lọ́sàn-án, kí ẹnì kan wọn iyọ̀, yíìsì àti ṣúgà ti àpò kọ̀ọ̀kan sínú ọ̀rá lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kó tò wọ́n sórí tábìlì. Tí ẹ̀rọ bá ti ń yí, tí ọ̀rá iyọ̀ kan ṣì wà lórí tábìlì, ẹni tó ń gbá ilẹ̀ pàápàá á rí i. Kí ẹni tó ń pò ó má jẹ́ ẹni tó ń ka búrẹ́dì, kí ẹni tó ń kà á má sì jẹ́ ẹni tó ń gba owó.

Àwọn ìpinnu tí mo ti ń sọ bọ̀ yìí, a lè yí wọn padà lọ́la. Ti ẹ̀rọ kò rí bẹ́ẹ̀. Amos Shackleford, ọmọ Jàmáíkà tó wá sí Nàìjíríà ní ọdún 1913 láti ṣiṣẹ́ rélùwéè, tó sì dá ilé búrẹ́dì sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1921, ni wọ́n mọ̀ sí ẹni tó sọ ẹ̀rọ tí ń tẹ fúláwà tí a ti pò kó fi jọ̀lọ̀ di gbajúmọ̀ lọ́dọ̀ wa. Títí di òní ni ẹ̀rọ yẹn ṣì ń pinnu bí búrẹ́dì Agége ṣe rí lẹ́nu. Irú ìpinnu tó ń pẹ́ báyìí, a kì í ṣe é nítorí pé oníṣòwò ẹ̀rọ sọ pé owó á lọ sókè lọ́la.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí ọjà máa tà, kí ọ̀gá sì lọ ra ẹ̀rọ ìpò tó lè gba àpò méjì lẹ́ẹ̀kan. Ààrò rẹ̀ ń gba 100, ó sì ń lo ìṣẹ́jú 40. Ẹ̀rọ tuntun wá tú 200 sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọgọ́rùn-ún àkọ́kọ́ wọ inú ààrò, ọgọ́rùn-ún kejì dúró nínú páànù nínú ooru, ó ń wú sí i. Nígbà tí ààrò á fi ṣófo, ó ti wú kọjá ààlà; bí wọ́n bá kan gbé páànù, ó ti jìn, òórùn kíkan á sì ti wọ̀ ọ́. Ọ̀gá á máa bú yíìsì, á pààrọ̀ yíìsì, kò ní yí padà. Ààrò ló kéré, ẹ̀rọ ìpò àtijọ́ ti tó o. Jẹnẹrétọ̀ tó ti ń gbé ẹ̀rọ àtijọ́ náà lè má lágbára láti ta ti tuntun jí, nítorí ẹ̀rọ ńlá ń fa iná púpọ̀ nígbà tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yí.

Kí a tó ra ẹ̀rọ kankan, kí ẹnì kan fi òru méje kọ àkókò sílẹ̀: ìgbà tí ìpò bẹ̀rẹ̀, ìgbà tó parí, ìgbà tí páànù àkọ́kọ́ wọ ààrò, ìgbà tí èyí tó kẹ́yìn jáde. Ibi tí páànù ti ń dúró de ààyè ni owó yẹ kó lọ. Lẹ́yìn náà, ká lọ bá ẹni tó ti lo irú ẹ̀rọ náà fún ọdún kan, ká béèrè ohun tó kọ́kọ́ bàjẹ́ lára rẹ̀ àti ibi tó ti rí ẹ̀yà rẹ̀ rà. Fún ohun tí kò tó ₦20,000, tí a sì lè yí padà, kí máníjà dá a ṣe láìpe ẹnikẹ́ni.

Ìwé kan wà tí ọ̀pọ̀ kò ní, bẹ́ẹ̀ kò ju ₦1,000 lọ: ìwé ìpinnu. Ohun tí a ó kọ síbẹ̀ kò pọ̀. "Ọjọ́ Àìkú. A fẹ́ bẹ̀rẹ̀ búrẹ́dì kékeré, gíráàmù 450, ₦700. A retí 60 lójúmọ́. A ó yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Bí kò bá tó 40, a ó dá a dúró." Ká kọ orúkọ ẹni tó máa dá a dúró sí abẹ́ rẹ̀, kí ó má sì jẹ́ ẹni tó mú àbá náà wá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin á pé, 28 ni à ń tà. Ẹnì kan á ní páànù kékeré 60 ti wà nílẹ̀, owó ti lọ sí i, ẹ jẹ́ ká fún un ní oṣù kan sí i. Owó páànù ti lọ, bóyá a ṣe é tàbí a kò ṣe é. Ìbéèrè tó kù ni bóyá 28 tó láti máa gba ààyè nínú ààrò lọ́wọ́ búrẹ́dì ńlá tí àwọn alágbàtà ń jà sí. Kò tó. Kí wọ́n fọ àwọn páànù náà, kí wọ́n ta wọ́n fún ẹni tó ń ṣe kéèkì ládùúgbò, kí wọ́n sì kọ iye tí wọ́n tà á sí ìsàlẹ̀ ojú ìwé kan náà.